Ẹja Irinwó Tọ́ọ̀nù

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní Tórshavn, òjò ń fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn,
bó ṣe máa ń rìn ní erékùṣù wọn,
tí agbòjò kì í wúlò fún ẹnikẹ́ni.
Rannvá jókòó ní ọ́fíìsì àwọn oníṣirò ìjọba,
ó ń wo iye ẹja tí wọ́n ti tẹ̀ jáde lóṣù tó kọjá.
Nọ́ńbà kan ń wo òun náà.

Ó kà á lẹ́ẹ̀kan. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.
Ó tẹ ilé iṣẹ́ ẹja kan láago, ní etíkun gúúsù.
"Ẹ̀yin lẹ fi ìwé yìí ránṣẹ́?"
"Àwa ni."
"Lẹ́ẹ̀mejì?"
Ọmọkùnrin náà dákẹ́. Ẹ̀rọ tó ń gé ẹja ń kùn lẹ́yìn rẹ̀.
"Íńtánẹ́ẹ̀tì ló já lọ́jọ́ yẹn, mo bá tún un fi ránṣẹ́."

Bí ẹja irinwó tọ́ọ̀nù ṣe wọ ìwé ìjọba nìyẹn
láìkọ́kọ́ wọ àwọ̀n.

Ẹja tí kò sí lókun sì ti rìn jìnnà:
mínísítà ti fi fọ́nnu lórí rédíò,
báńkì kan ti tìtorí rẹ̀ yá ẹnì kan lówó ọkọ̀ ojú omi,
olùkọ́ kan ti kọ ọ́ sójú pátákó fáwọn ọmọ.

Hanus, ọ̀gá rẹ̀, fọwọ́ fa irùngbọ̀n.
"Bí a bá ń gbé toṣù tó ń bọ̀ jáde,
a ó kàn rọra pààrọ̀ rẹ̀. Ta ni yóò mọ̀?"
Kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni.
Ó ku ọdún méjì kó fẹ̀yìn tì.

Rannvá kò fèsì. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí yàrá ìwé àtijọ́,
ó fa èyí tí wọ́n tẹ̀ lọ́dún tí wọ́n bí ìyá rẹ̀ yọ.
Ní ojú ìwé kẹtàlélọ́gọ́ta, bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà níbẹ̀,
kò fẹ̀ ju ìka lọ, gọ́ọ̀mù rẹ̀ ti pọ́n bíi tíì:
*Iye àgùntàn tí a kọ síhìn-ín kò tọ̀nà.
A ka ti erékùṣù kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ foríjì wá.*
Ẹnì kan ti mú sísọ́ọ̀sì, ó ti jókòó,
ó ti lẹ ọ̀rọ̀ yìí mọ́ gbogbo ìwé náà lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èyí tó wà lọ́wọ́ Rannvá wọ́ díẹ̀.
Bóyá ilẹ̀ ti ń ṣú.

Wọ́n ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.
Nọ́ńbà ní tirẹ̀ dà bí aṣọ:
bí apá bá gùn jù, a ó tú u, a ó tún un rán,
kí ojú abẹ́rẹ́ ṣáà ti hàn.
Àṣìṣe kì í ṣe irọ́,
ṣùgbọ́n bí a bá gbà á sílé tó sùn mọ́jú,
àwọn méjèèjì á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra.

Ó kọ ọ́. Ó fi nọ́ńbà àtijọ́ sílẹ̀, ó fa ìlà sí i láàárín,
ó kọ tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọjọ́, ìdí,
àti lẹ́tà àtúnṣe lókè, tí kò tó orí èèrà.
*Ilé iṣẹ́ ẹja kan ṣe àṣìṣe*, báyìí ló bẹ̀rẹ̀.
Hanus kà á, ó pẹ́ kó tó gbórí sókè.
Ó mú bírò, ó pa ilé iṣẹ́ ẹja rẹ́,
ó kọ *àwa* sípò rẹ̀,
ó sì buwọ́ lù ú.

Lọ́jọ́ kejì, akọ̀wé mínísítà pè lẹ́ẹ̀mẹta.
Ẹni kẹrin tó pè jẹ́ àgbà apẹja kan, Sámal,
ohùn rẹ̀ há bí okùn tó ti gbẹ.
"Mo ka àtúnṣe yín.
Gbogbo oṣù yẹn ni mo ń rò pé
èmi nìkan lòkun kọ̀yìn sí."
Ó wúkọ́.
"Toṣù kẹta ńkọ́? Ṣé ẹ ti yẹ ìyẹn náà wò?"

Rannvá fa oṣù kẹta yọ.